Ìdodo Ìgò

Mátírẹ́ẹ̀sì ọgbọ̀n, fíríìjì mẹ́rìnlélógún,
kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tí kò ní pẹ́dà:
ẹrù kọ̀ntẹ́nà láti Swídìnì ni.
Bọ̀dúndé tú u sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ní Ìkéré,
níbi tí òjìji Olósùnta máa ń dé bí ó bá di ìrọ̀lẹ́.
Èmi kì í wo fíríìjì.
Ohun tí wọ́n fi bébà wé ni mò ń bèèrè,
èyí tí wọ́n sọ sínú páálí láti fi dí àlàfo.

"Tíṣà, ìgò yín tún ti dé o!"
Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti ń wí bẹ́ẹ̀.
Lójú tirẹ̀, ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ìgò
tí kò sí ọtí nínú rẹ̀, nǹkan ti ń ṣe é.

N ó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé.
Ẹ má wo àwọ̀ ìgò kí ẹ tó wo ìdodo rẹ̀,
ibi tí wọ́n ti gé e kúrò lẹ́nu ọ̀pá irin
bí agbẹ̀bí ṣe ń gé ìwọ́ ọmọ.
Bí ibẹ̀ bá jọ̀lọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò,
tí ẹ rí orúkọ tí a fi abẹ́rẹ́ ha,
tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ipa ẹsẹ̀ èèrà,
àti nọ́ńbà: 57,
ẹ pa ẹnu mọ́.
Ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dúndé rí ojú yín.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ ẹ, mo wà ní pírámárì kẹta,
mò ń fi èédú kọ ìṣirò sára ògiri ìyá mi.
Nínú igbó tútù lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan
dúró níwájú iná ìléru,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́,
ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú iyanrìn yíyọ́.
Iyanrìn ni, ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní físíìsì
fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
N kò sọ fún yín nígbà náà
pé iyanrìn lè di omi tó dúró.

Wọn kì í ti inú iná gbé e sínú òtútù.
Ìkògòsì nìkan ló mọ bí gbígbóná àti tútù
ṣe ń pàdé láìjà.
Inú ààrò tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ìgò sí,
òru kan gbáko,
kí inú má baà bí i.

Ọ̀kan dà bí aró tí a dà sómi tí a kò rò pọ̀.
Ọ̀kan, ewé kókò lẹ́yìn òjò.
Inú èyí tó wọ́n jù ni mo ti bá orógùn méjì lọ́jọ́ kan:
Ìbídùn, aya mi, ló rí àyè fún wọn.
N kò bínú. Ó yẹ ìgò náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ní àwọ̀ oyin,
hóró afẹ́fẹ́ kan há sí ìsàlẹ̀ rẹ̀,
kò ju èkùrọ́ lọ.
Èémí ọkùnrin yẹn ni.
Òun fúnra rẹ̀ á ti kú,
èémí rẹ̀ wà lórí sẹ́ẹ̀fù mi
láàárín Bíbélì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oṣù Ọ̀pẹ, ọyẹ́ mú.
Tèmídire, ọmọ ọmọ mi, fi ìgúnpá gbá a.
Ariwo rẹ̀ kò tó ti àwo.

Mo dúró. Mo fa imú.
Eruku ọyẹ́ ni mo gbọ́, àti àlùbọ́sà láti ilé ìdáná.
Àmọ́ ó ti jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin,
ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ Ìkéré.
Bóyá Tèmídire ló fà á símú,
torí ẹkún ló ń sun, ẹnu rẹ̀ là gbàgà.

Ìbídùn ní kí gbogbo wa wọ bàtà.